Ẹni Tí Yóò Pe Òkú Eré

“Ìyá Mojí, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín wọ ibẹ̀ o. Ibi tí wọ́n yàn yẹn kò nísàlẹ̀ mọ́.”

Màmá Ẹbùn ló sọ ọ́ fún mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Pedro, kò tíì sọ agbọ̀n ẹja orí rẹ̀ kalẹ̀. Ìlàjẹ ni obìnrin náà. Etí ọ̀sà ní Bàrígà ni wọ́n ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ń pẹja, òun ń yan án, ó sì ti ń gbé e wá fún mi láti ìgbà tí Mojísọ́lá, àbígbẹ̀yìn mi, ti wà ní jẹ́léósinmi. Kì í ṣe ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àsọjù. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ kan gbé kámẹ́rà wá yá ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́ ọkọ òun. Wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì làwọn fẹ́ ya eré kan, obìnrin kan yóò kú sínú ọ̀sà, òkú rẹ̀ yóò sì léfòó. Ó bi wọ́n pé ta ni obìnrin náà, wọ́n fi àwòrán rẹ̀ hàn án nínú fóònù. Mojí ni. Ibi tí wọ́n wá nàka sí, ibẹ̀ gan-an ni àwọn tí ń fi ẹ̀rọ fa yanrìn ti gbẹ́ kọjá ààlà. Ó ní bí èèyàn bá gbé ẹsẹ̀ kan, omi á dé orúnkún. Bó bá gbé èkejì, kò ní kan nǹkan kan. Àwọ̀n tó ti já àti àwọn igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti fi dẹ ẹja láyé àtijọ́ ló kún abẹ́ rẹ̀.

Mo ra ẹja, mo dúpẹ́, mo wọlé, mo jókòó. N kò rí ẹja náà sè lọ́jọ́ náà. Ìkìlọ̀ yẹn ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ tí mò ń kọ yìí. Ẹ̀yin ọmọ tó jẹ́ pé inú fóònù nìkan lẹ ti mọ eré, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹ̀yin òbí wọn. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, ìwé mẹ́wàá ni mo kà, n kì í ṣe òǹkọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, èmi sì ti jìn sí kòtò kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tiwa, ẹni tó bá fẹ́ ṣe eré, ilé Ọ̀gá ló ń kó lọ. Ọ̀gá ni à ń pe olórí ẹgbẹ́ wa. Ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn Bajulaiye ní Ṣómólú, àwa mẹ́rìndínlógún la sì ń gbé ibẹ̀. A jọ ń jẹ, a jọ ń sùn, a jọ ń jà. Kò sí ìwé eré. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, Ọ̀gá á pè wá jọ sí àgbàlá, á sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á wá máa nàka: ìwọ ni ọba, ìwọ ni ìyálé, ìwọ ni ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ tí o máa sọ, tìrẹ ni, kó o ṣáà ti dé ibi tó ní kó o dé. Bí o bá gbàgbé, ẹnì kejì rẹ á fi orin gbà ọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orin fi pọ̀ nínú eré ayé ìgbà yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọkọ mi ló ń ṣe Òyìnbó. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, onítẹ̀bọmi bíi tèmi. Nígbà tó wà léwe, ó bá wọn tọ́jú ọgbà òdòdó dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, gbogbo ìṣe ọkùnrin náà ló sì kó sórí. Bí dókítà ṣe ń kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn rìn, bó ṣe máa ń wo aago ọwọ́ kó tó dáhùn ìkíni, bó ṣe ń fi imú sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú. Ọkọ mi kò kọjá Kútọnu rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọ bàtà gígùn yẹn, tó dé fìlà líle, tó la ẹnu, ẹ ó búra pé ọkọ̀ òkun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ já a sílẹ̀ ní Àpápá.

Nígbà tí èmi àti ọkọ mi gba yàrá sí Pedro lẹ́yìn náà, àwọn ará ibẹ̀ gbà á gbọ́ ju bó ṣe gba ara rẹ̀ gbọ́ lọ. Bí ìwé bá ti ọ́fíìsì ìjọba wá, òun ni wọ́n ń gbé e wá bá, bẹ́ẹ̀ ìwé mẹ́fà péré ló kà. Á gba lẹ́tà náà, á wo aago ọwọ́, á ní kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀, á wá gbé e bá mi ní ilé ìdáná. Èmi á kà á fún un, òun á jáde lọ dájọ́. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ sọ́jà, baba onílé wa fa lẹ́tà kan lé e lọ́wọ́. Ọkọ mi wò ó títí, ó ní, “Baba, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wúwo, kì í ṣe ohun tí à ń sọ nídùúró.” Ó fa àga fún baba, àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n fajú ro títí mo fi dé. Ìwé ìpè síbi ìgbéyàwó ni.

Iṣẹ́ tèmi ni ẹrù. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ ọ́ sí kí ọkọ̀ wa tó gbéra, mo sì ń wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i kí a tó padà: fìlà Òyìnbó, ọ̀kan, bàtà, ẹsẹ̀ méjì, ẹ̀wù òtútù, ọ̀kan, bọ́tìnnì márùn-ún. Èmi náà ló ń po ẹfun ojú rẹ̀. Ẹfun nìkan máa ń mú kí èèyàn jọ iwin. Mo máa ń fi àdín àgbọn pò ó títí yóò fi fẹ́lẹ́, n ó wá fi osùn díẹ̀ kan orí imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, nítorí oòrùn ilẹ̀ wa máa ń mú ojú Òyìnbó pọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn kò mọ ìyẹn. Òyìnbó tiwọn máa ń funfun bí ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn.

A kì í sí nílé lásìkò Iléyá tàbí Kérésìmesì, nítorí ìgbà ọdún ni ọwọ́ àwọn èèyàn máa ń dilẹ̀. Ṣáájú kí a tó lọ, àwọn òǹtẹ̀wé Bajulaiye á ti tẹ ìwé ìpolówó wa ní pupa àti dúdú. Ohùn ẹ̀rọ wọn ṣì wà létí mi dòní, kàtà-kàtà-kàtà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó ń mi ife omi lórí tábìlì ilé Ọ̀gá. Bí wọ́n bá kó ìwé náà dé, yíǹkì rẹ̀ ò ní tíì gbẹ. Ojú ọkọ mi tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ á wà lọ́wọ́ gbogbo wa fún odindi ọjọ́ kan. Ìwé ìpolówó Mojí ń wọlé sínú fóònù mi láìdún. Ó mọ́ ju tiwa lọ, ó sì rẹwà, ṣùgbọ́n bí mo bá fọwọ́ kàn án, ó ń yọ́ lọ.

Mojí dé láti ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Mo sọ ohun tí Màmá Ẹbùn sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀yin méjèèjì yìí, ẹ ti pàdé ara yín. Ó ní kò sí wàhálà, ẹni tó mọ omi dáadáa máa wà níbẹ̀. Mo bi í pé kí ni orúkọ ẹni náà. Kò mọ̀ ọ́n.

“Màmá mi, mi ò lè máa bi dáírẹ́kítọ̀ ní ìbéèrè bí ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Obìnrin mẹ́ta ló wà nílẹ̀ tó ń retí kí n kọ̀.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nídìí ìbéèrè mi, nítorí Mojí rò pé ẹ̀rù àgbà lásán ni.

Òfin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó ju gbogbo òfin lọ: ẹni tó bá kú nínú eré kì í fúnra rẹ̀ dìde. A ní láti pè é. Oríkì rẹ̀ la fi ń pè é, orúkọ tí eré náà kò mọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta, òun á sì dáhùn. Lẹ́yìn náà la ó fi iyọ̀ díẹ̀ kàn án láhọ́n, a ó wá fà á dìde. Olúkúlùkù tí ń kú ló ní ẹni tí ń pè é. Láti ìgbà tí òkú bá ti ṣubú, apeni náà kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ mìíràn. Kò gbọdọ̀ palẹ̀ ẹrù mọ́, kò gbọdọ̀ jẹun, kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lára òkú. Òkú náà á sì máa mi àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó fi hàn pé nǹkan ń lọ dáadáa. Ẹni tó ń wòran ní ìsàlẹ̀ kò lè rí i. Ẹni tó mọ ibi tí yóò wò ló ń rí i.

Àwọn kan ní nítorí iwin ni. Pásítọ̀ wa ní Pedro tiẹ̀ bá ọkọ mi wí nípa rẹ̀, ó ní ó jọ ìbọ̀rìṣà. Ọkọ mi dá a lóhùn pé, “Ọlọ́run ló ń dá ẹ̀mí sí, sà, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ojú ló máa ń rán.” Òye tèmi náà nìyẹn. Ọ̀gá ti rí i rí tí ẹni tó ń ṣe òkú kú lóòótọ́, tí wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Èmi ni mò ń pe ọkọ mi. Àkànbí ni oríkì rẹ̀. Iṣẹ́ náà pọ̀, nítorí pé Òyìnbó kì í yè é nínú eré wa. Ọfà á bà á, tàbí kó mu májèlé, tàbí kó jábọ́ lórí ẹṣin kan tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, a kàn máa ń gbọ́ ìró pátákò rẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ kan, ilé amóhùnmáwòrán kan ní Èkó pe ẹgbẹ́ wa. Ẹ̀yin ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà. Kò sí pé à ń yà á sílẹ̀ kí a tó fi hàn lọ́la. Bó ṣe ń jáde lẹ́nu wa làwọn èèyàn ń gbọ́ ọ nílé. Yàrá ńlá kan ṣoṣo ni. Abúlé tiwa wà ní igun kan, tábìlì akàròyìn wà ní igun kejì, kámẹ́rà méjì ń yí láàárín. Iná pupa kan wà lókè ilẹ̀kùn. Bó bá ti ń tàn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wúkọ́.

Eré náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí orin. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjì ni ọfà ba Òyìnbó tó sì ṣubú. Kò sí aṣọ ìtàgé tí a ó fà. Kámẹ́rà kàn yí kúrò lára rẹ̀ lọ bá tábìlì kejì, akàròyìn kí gbogbo ayé kú alẹ́, ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wa yọ́ ẹsẹ̀ rìn jáde. Ọkọ mi kò dìde. Báwo ni yóò ṣe dìde? A kò tíì pè é.

Wọn kò pa àwọn iná ńlá tí ooru wọn ń jóni lókè orí rẹ̀, nítorí ariwo tí wọ́n máa ń pa bí a bá pa wọ́n. Ẹ̀wù òtútù ló wà lọ́rùn rẹ̀, bọ́tìnnì márààrún dé, ẹfun àti àdín bo gbogbo ojú rẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn kámẹ́rà, iyọ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo ń wo àtàǹpàkò rẹ̀, mo ń wo aago ara ògiri. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni àtàǹpàkò náà dúró. Mo la ẹnu. Ọkùnrin kan tó de ẹ̀rọ mọ́ etí wò mí, ó fi ìka lé ètè. Èmi tí mo kàwé mẹ́wàá, tí mo mọ òfin, mo pa ẹnu mi dé. Mo ní bóyá ọwọ́ ló rẹ̀ ẹ́. Mo ní ìròyìn náà kò ní pẹ́ tán.

Ogún ìṣẹ́jú kọjá aago méje ni iná pupa náà kú. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan, kò dáhùn. Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì. Akàròyìn fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ife omi. Kóòtù àti táì ló wọ̀ lókè, ṣòkòtò péńpé ló wọ̀ nísàlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé ẹ̀wù náà kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò ní ọsibítù. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó wò mí, ó ní, “Mo gbọ́ ìròyìn yẹn títí dé ti epo bẹntiróòlù. Mo ń retí kí o pè mí.”

Kò bínú. Kò sì tún sọ ọ́ mọ́ títí tó fi jáde láyé. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ṣe Òyìnbó lórí ìtàgé, ó ṣe é lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì ṣe é nínú sinimá lẹ́yìn náà, ìgbà tí a ń kó fíìmù sínú agolo irin, tí a ń gbé e káàkiri ìlú fúnra wa, tí a sì ń tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí a bá fẹ́ sùn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á, lórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, mo sì wà níbẹ̀. Ní ti eré ọjọ́ yẹn, kò sí níbì kankan láyé. Ẹni tó wò ó ti gbàgbé, tàbí kó ti kú.

Ẹ wá rí ìdí tí mo fi bi Mojí ní orúkọ. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí di Ọjọ́bọ̀ ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú oúnjẹ, mo bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ẹkún, mo dárúkọ bàbá rẹ̀. Ó ní bàbá òun ì bá lọ. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Nígbà tó yá, a ṣe àdéhùn: èmi náà máa lọ, n ó jókòó ní etí omi, n kò ní sọ̀rọ̀, òun náà á máa mi àtàǹpàkò òsì rẹ̀ bí ó ti wù kó rí. Ó ní, “Tìtorí kí ẹ lè sùn ni o.”

Nígbà tí a dé etí ọ̀sà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, èéfín ẹja ti bo ibẹ̀. Koríko ojú omi ti gbá jọ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn pákó tí wọ́n fi ṣe ọ̀nà. Àwọn ọ̀dọ́ náà tó mẹ́jọ, wọ́n sì jẹ́ ọmọlúàbí. Kúnlé, olùdarí wọn, dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó gbé àga tirẹ̀ fún mi. Mo bi í pé èwo ni ẹni tó mọ omi. Ó tọ́ka sí ọmọkùnrin kan tó gbé pákó fàdákà kan dání, èyí tí wọ́n fi ń da ìmọ́lẹ̀ sí ojú òṣèré. Òun náà ló lọ ra oúnjẹ àárọ̀ wọn. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní ṣé lóòótọ́ ló mọ omi í wẹ̀.

“Mo mọ̀ ọ́n wẹ̀, mà,” ó ní. “Níbi tí ẹsẹ̀ bá ti kanlẹ̀.”

Màmá Ẹbùn gbọ́. Ó ti jókòó sínú ọkọ̀ wọn ní ẹ̀gbẹ́ pákó, àjẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún sọ fún Kúnlé pé ibẹ̀ kò dára, kí wọ́n sún sí ọwọ́ òsì, tàbí kí wọ́n so okùn mọ́ ọmọ náà nídìí. Kúnlé ní ọwọ́ òsì kò ní ìmọ́lẹ̀, pé okùn á sì hàn nínú àwòrán. Ọ̀kan lára wọn ní ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Màmá Ẹbùn ní, “Èmi ti rí méjèèjì. Ọ̀sà lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.”

Mojí wọ omi. Aṣọ funfun ló wọ̀. Ó dùbúlẹ̀ sórí omi bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, irun rẹ̀ tú ká. Kámẹ́rà kan fò lọ sókè orí rẹ̀, ó ń kùn bí oyin. Mo wo àtàǹpàkò òsì rẹ̀. Ó ń mì. Ìgbì kékeré kan wá, ó bo ọwọ́ náà, n kò rí i mọ́, ni mo bá kígbe: “Àṣàkẹ́!”

Oríkì rẹ̀ nìyẹn. Ó dìde lójú ẹsẹ̀, ó tu omi ẹnu rẹ̀ dànù, kò sí ohun tó ṣe é. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní Màmá ti jí òkú dìde, kí wọ́n máa gbé wọn káàkiri ọsibítù. Mojí kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí láti inú omi bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Kúnlé wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mà. Oòrùn ń lọ. A máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ má pe ẹnikẹ́ni mọ́.”

Ìtìjú bò mí. Ní ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, mo di ẹni tí àwọn ọmọdé ń bẹ̀ pé kó má ba iṣẹ́ jẹ́. Mo ní ó dáa.

Ó tún dùbúlẹ̀. Omi gbé e lọ síwájú díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àtàǹpàkò rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, ó mì lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ó dúró. Mo ní ó ń bínú sí mi ni, ó mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti mì í ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kà: ení, èjì, ẹ̀ta. Mo wo àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gbá jọ sídìí ojú ẹ̀rọ kékeré kan, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ọ̀sà. Kò sẹ́ni tó ń wo ọmọ mi. Àwòrán rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Mo gbọ́ tí Kúnlé ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ẹ wo bó ṣe dákẹ́. Ó dáa gan-an.” Mo kà dé mẹ́wàá. Ojú Mojí lọ sábẹ́ omi. Mo ní bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní kó ṣe é. Mo kà dé ogún. Mo kà dé mẹ́tàlélógún.

Mo kàn gbọ́ tí àjẹ̀ Màmá Ẹbùn bọ́ sínú ọkọ̀ ni, obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, pẹ̀lú ìró àti gèlè, ó ti wà nínú omi.

Àwọ̀n àtijọ́ ló ti gbá ọmọ mi lẹ́sẹ̀ mú. Bí omi ṣe ń gbé e lọ síwájú ni àwọ̀n ń fà á sísàlẹ̀. Ọ̀bẹ ẹja ni Màmá Ẹbùn fi gé e. Nígbà tí wọ́n gbé e sórí pákó, ojú rẹ̀ ti yí padà, àwọn ọ̀dọ́ náà ń sá kiri láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Màmá Ẹbùn yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń gbá a lẹ́yìn, ó ń pè é, Mojí, Mojí, Mojí, títí omi fi jáde lẹ́nu rẹ̀ tó sì mí. Obìnrin náà gbé ojú sókè sí mi, omi ń kán lójú rẹ̀.

“Ìyá Mojí,” ó ní, “ẹ̀yin náà rí i.”

Mo rí i. Mo wà lórí àga, mo ń wò ó, mo ń kà. Mojí ló kọ́kọ́ di ọwọ́ mi mú. Ohùn rẹ̀ há. Ó ní, “Mo rò pé ẹ ti bínú lọ sílé.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá báyìí. Mo ti gbé agbádá ìdáná tuntun méjì lọ fún Màmá Ẹbùn, ó gbà á, ó sì ti tún ń bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kúnlé wá sílé wa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sunkún. Lẹ́yìn tó nu ojú rẹ̀ tán ló ní òun fẹ́ tọrọ ohun kan. Ó ní kámẹ́rà ṣì ń yà nígbà tí Mojí ń rì, pé kò sí èyí tó jọ òtítọ́ tó èyí, ṣé àwọn lè fi í sínú eré. Mojí ló dáhùn. Ó ní kí wọ́n fi sí i. Nítorí náà, ó wà níbẹ̀ báyìí, mẹ́tàlélógún náà pé, kò ní parẹ́ bíi ti bàbá rẹ̀. Àwọn tó bá wò ó á máa sọ pé ọmọbìnrin yìí mọ òkú í ṣe.

Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ó ń lọ ya òmíràn. Wọ́n ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan yóò gbiná nínú rẹ̀. Mo ti bi í ní orúkọ ẹni tí yóò máa wò ó, lọ́tẹ̀ yìí ó pe olùdarí wọn níwájú mi, ó sì bi í.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Bí ọmọ yín bá ń lọ ya eré, ẹ béèrè orúkọ ẹnì kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ náà ju kó máa wo ọmọ yín lọ, kì í ṣe àwòrán rẹ̀. Bí wọn ò bá rí ẹni dárúkọ, ẹ lọ fúnra yín. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, tí ọkàn yín sọ fún yín pé kò dára mọ́, ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni, ẹ má sì máa ka ení, èjì. Ẹ pè é. Bí eré wọn bá bàjẹ́, ẹ jẹ́ kó bàjẹ́.